Ẹ Má Bèèrè Oògùn Ọpọlọ Tó Le Jù, Ẹ Bèèrè Èyí Tí Ọmọ Yín Yóò Lè Máa Lò



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí kálukú bá ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ni wọ́n máa ń fa àwa apoògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń sọ tirẹ̀ sókè. Ìyá tí orí ọmọ rẹ̀ dàrú kì í sọ ọ́ sókè. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á yọ ìwé oògùn tó ti ká mọ́wọ́ jáde, á wá rọra bi wá pé: "Dókítà, èwo ló le jù nínú àwọn wọ̀nyí? Wọ́n ní ti tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣé ká lọ ta ilẹ̀ ká fi rà á?"

Ìfẹ́ ọmọ ló bí ìbéèrè yẹn, a kò sì ní fi ìyá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò bọ́ sí i. Oògùn ọpọlọ kì í ṣe oògùn eku tí a ń wá èyí tó le jù. Fún ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oògùn tí dókítà máa ń kọ ló lè pa iná àìsàn náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ìnira tí wọ́n ń mú bá ara, àti bóyá ọmọ náà yóò lè máa lò ó lọ. Èrò tiwa ni pé oògùn tó dára jù ni èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, tí ara ọmọ gbà, tí àpò òbí sì lè gbé títí ọdún yóò fi yí po. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀

Àìsàn yìí kì í sábà wá lójijì bí ìjì. Ọ̀dọ́ ló máa ń mú jù, láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún títí dé ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa nílé ìwé á kọ̀ láti lọ. Kò ní sùn lóru. Á máa dá sọ̀rọ̀, á máa dá rẹ́rìn-ín, á ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí. Á ní ìyá òun fi májèlé sínú ọbẹ̀, tàbí pé àwọn kan ń fi fóònù ṣọ́ òun. Òmíràn á máa ṣe àlùwàlá ní ìgbà ogún kó tó kírun kan, àwọn ará ilé á sì rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Igbó mímu máa ń dá kún un, ó sì lè jẹ́ òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí kò fẹnu kan igbó rí náà ni ó máa ń mú.

Ẹ̀sìn wa kò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí níbẹ̀ títí yóò fi padà, pé a kò ní kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó tún kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ní ká wá a. Ní 1284 ni Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Káírò, tí ó yan apá kan nínú rẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà kò rò pé ìtọ́jú ọpọlọ àti ìgbàgbọ́ ń bá ara wọn jà.

Ti àtijọ́ àti ti tuntun

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oògùn oorun lásán ni wọ́n ń fún ọmọ yín. Nínú ọpọlọ, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ dopamine tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra. Nígbà tí èyí bá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ ní àwọn ibì kan, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohun tí kò ní ìtumọ̀ ní ìtumọ̀ ńlá. Gbogbo àwọn oògùn tí a fẹ́ dárúkọ yìí ló ń dín agbára iṣẹ́ dopamine kù.

Èyí tó kọ́kọ́ dé ni chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Largactil. Ní 1952, ní ìlú Paris, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Haloperidol tẹ̀lé e ní 1958, láti Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn baba wa náà kò sùn ṣáájú ìgbà yẹn: gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò fún wèrè ní ohun tí wọ́n ń pè ní reserpine nínú, òun náà sì máa ń mú orí wálẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú àgbo, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn dókítà.

Láti ọdún 1990 sókè ni àwọn tí a ń pè ní tuntun dé: risperidone, olanzapine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ǹjẹ́ tuntun ju àtijọ́ lọ? Ní 2008, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet tẹ ìwádìí kan jáde tí a ń pè ní EUFEST. Wọ́n ṣe é ní orílẹ̀-èdè 14, ní Yúróòpù àti Ísírẹ́lì, fún ènìyàn 498 tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Wọ́n fún àwọn kan ní haloperidol ní ìwọ̀n kékeré, mílígíráàmù 1 sí 4 lóòjọ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tuntun mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún kan, àmì àìsàn náà dín kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, bákan náà ló rí fún ẹni tó lo ti àtijọ́ àti ẹni tó lo ti tuntun. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n fún ní haloperidol, 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò bá a débi ọdún. Nínú àwọn tó gba olanzapine, 33 péré ni. Lóòótọ́, àwọn dókítà mọ oògùn tí kálukú ń lò, ìyẹn sì lè ti nípa lórí ẹni tí wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìwádìí náà ń sọ: àìsàn gbọ́ràn sí gbogbo wọn lẹ́nu. Ènìyàn ni kò lè fara da gbogbo wọn bákan náà.

Ohun tí kálukú wọn ń mú wá

Haloperidol ló máa ń fa ọ̀rọ̀ jù nínú ilé Mùsùlùmí lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká ya àwòrán ohun tí a ti rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn, ó sùn, ara gbogbo ènìyàn balẹ̀. Ní òru ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ le lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré lọ pe àlùfáà. Àlùfáà ní àlùjànnú ló ń bá abẹ́rẹ́ òyìnbó jà. Wọ́n da oògùn nù. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún ń lé ọmọ náà kiri àárín ọjà.

A gba àlùjànnú gbọ́. Àlùkùráánì sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀sìn ti sọ pé gbogbo ọrùn tó bá wọ́ jẹ́ iṣẹ́ àlùjànnú. Oògùn náà ló ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló máa ń ṣe jù, pàápàá bí ìwọ̀n oògùn bá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó ní oògùn tó ń tú u, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ bí ẹ bá tètè dé ilé ìwòsàn. Bó bá di pé kò lè gbé nǹkan mì tàbí mí dáadáa, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ìkejì tí haloperidol máa ń ṣe ni àìlèjókòó. Ọmọ náà kò ní lè jókòó gbọ́ wáàsí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Á máa rìn síwá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró, inú rẹ̀ á máa hó. Àwọn ará ilé á ní wèrè náà ń pọ̀ sí i, wọ́n á sì fi kún oògùn. Fífi kún un ló ń mú un burú sí i. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó dín in kù tàbí kó yí i padà.

Chlorpromazine máa ń mú oorun wá púpọ̀. Òyì lè kọ́ ẹni tó ń lò ó bó bá dìde lójijì, oòrùn sì máa ń tètè jó awọ rẹ̀. Àwọn òbí máa ń ráhùn pé ọmọ kò lè jí kírun Àsùbáà mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ó lè jẹ́ pé kí ẹ máa fún un ní oògùn náà ṣáájú Ìṣáì ni yóò tún un ṣe. Jíjókòó díẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn kó tó dìde kò ní jẹ́ kó ṣubú níbi àlùwàlá.

Olanzapine kì í sábà wọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tó gbẹ lè wú láàárín oṣù díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè gòkè. Bí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ẹbí, ẹ tètè sọ. Ẹ wọn ọmọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ẹ dín ẹlẹ́ríndòdò àti ṣúgà kù nínú ilé, kì í ṣe fún òun nìkan, kó má baà dà bí ìyà.

Risperidone wà láàárín méjèèjì. Ní ìwọ̀n kékeré, ó rọrùn fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ti ń gòkè ni òun náà ń ṣe bíi haloperidol. Ó tún lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó sì lè mú omi jáde lọ́mú ẹni tí kò bímọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ọmọbìnrin tó ń lo risperidone kò bá rí nǹkan oṣù rẹ̀, ẹ má tíì pariwo, ẹ má tíì na ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ sì fi oògùn tó ń lò han dókítà. Ó lè má sí oyún rárá.

Clozapine kì í ṣe oògùn ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí oògùn méjì ti kọ̀ fún ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè sì wà lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń lo oṣù kan lára náà, bíi fluphenazine, dára fún ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí hóró oògùn tó fi hàn wá bí ara rẹ̀ ṣe ń gbà á. Hóró ṣeé dá dúró lọ́la. Abẹ́rẹ́ tó ti wọlé kò ṣeé fà jáde.

Lórí gbogbo wọn, bí ara ọmọ bá gbóná janjan, tó le gbagidi, tó tún ń ràrá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Èwo wá ni ká mú?

Dókítà ló ń kọ oògùn o, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìwé yìí lọ ra nǹkan ní kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá lè tẹ̀lé e fún ọdún kan ó kéré tán, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa ti tuntun ní ìwọ̀n kékeré. Bí owó kò bá lè tẹ̀lé e, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. Haloperidol kékeré tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ sàn ju olanzapine tí a rà fún oṣù méjì tí a sì dá dúró. Ẹ má ta ilẹ̀ nítorí orúkọ oògùn.

Dídá oògùn dúró ni ọ̀tá wa gan-an. Ìwádìí kan tó tún jáde nínú Lancet ní 2012 kó ìdánwò 65 jọ. Láàárín ọdún kan, àìsàn padà sára 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bọ́ oògùn gidi lọ́wọ́ wọn. Lára àwọn tó ń bá oògùn lọ, 27 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é máa lò ó fún oṣù méje sí oṣù méjìlá ó kéré tán lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, ẹ gbọ́? Ìgbà tí ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín tó tún ń kí àlejò ni ẹ̀gbọ́n bàbá á dé láti Èkó tí á ní, "Ṣebí ó ti gbádùn, kí ló tún ń gbé oògùn mì fún?" Ohun tó mú un gbádùn ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Oṣù Rọ̀mọ̀dáánì náà ń bọ̀ lọ́dọọdún. Kó tó dé, ẹ lọ bá dókítà. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn yìí ló ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan lóru. Bí kò bá ṣeé ṣe, Ọlọ́hun tó ní ká gbààwẹ̀ náà ló yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Àlùfáà àti dókítà

Àwọn kan á ní a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlùfáà. Rárá o. Ní 1954 ni ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Dókítà Thomas Adéoyè Lambo. Ó fi àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn sí àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, fún aláìsàn 307. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá aláìsàn nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà, tí ó ń gbé oògùn lọ fún wọn níbẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ara wọn yá gidi ju ti àwọn yòókù lọ. Àdúrà ń lọ, oògùn ń lọ.

Ohun tí kò yẹ kó máa lọ ni ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch rí àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nílé àwọn Mùsùlùmí, nílé àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù, nílé oníṣègùn, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ẹni tó ń ka Àlùkùráánì sí aláìsàn létí ń ṣe rere. Ẹni tó ń nà án ní pàṣán kí àlùjànnú lè jáde, ènìyàn ló ń nà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin òbí ní Ìkẹ̀rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti agbègbè wa gbogbo, ẹ má jẹ́ kó di ọdún kan kí ẹ tó wá dókítà ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ mú ìwé kékeré kan dání, ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo ohun tí ẹ rí lára ọmọ. Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára páálí. Ẹ fi oògùn náà sọ́wọ́ ẹnìkan pàtó nínú ilé, kì í ṣe gbogbo ènìyàn, nítorí ohun gbogbo ènìyàn kì í ní olórí.

Ẹ̀yin Lèmọ́mù wa, bí wọ́n bá gbé ọmọ tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin wá, ẹ ṣe àdúrà fún un, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí Adó lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ju ìwé oògùn ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, aláìní ní ẹ̀tọ́ sí sàká. Ẹni tí kò rówó ra oògùn ọmọ rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, aláìní ni. Ẹ jẹ́ ká yan díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpótí wa fún oògùn oṣooṣù, ká má dúró dìgbà tí a ó fi owó náà ra okùn tàbí sanwó ohun tí ọmọ bàjẹ́ lọ́jà. Àwa apoògùn tó wà nínú ẹgbẹ́ ṣe tán láti bá yín wo ìwé oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ká sì bá ẹbí dé ilé ìwòsàn bí ojú bá ń tì wọ́n láti dá lọ.

Ìyá tó bá tún dúró dè wá lẹ́yìn Jímọ̀, kó má bi wá èyí tó le jù mọ́. Kó bi wá pé, "Báwo ni ọmọ mi yóò ṣe lè lo èyí títí ọdún yóò fi yí po?" Ìbéèrè yẹn la lè bá a dáhùn, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì fún àwa tí ara wa dá ní sùúrù láti dúró tì wọ́n. Àmín.